Iṣu Tí A Sè Lẹ́ẹ̀mejì

Ìwé tí wọ́n fún mi ní ilé ìwòsàn ní Savalou, ojú ewé méjì péré ni. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ó sì jọ pé ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ti kọjá kó tó kàn mí. Apá òsì ni oúnjẹ tí ọkọ mi kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn mọ́ wà, apá ọ̀tún ni èyí tó lè jẹ. Mo kà á tán lórí bẹ́ǹṣì tí a jókòó sí, ẹ̀rín sì pa mí, ẹ̀rín tí kò ti inú wá. Ìdajì àwọn èso tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni n kò fojú rí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi sí Tchetti. Wọ́n ní kí ọkọ mi má jẹ apirikó. Ta ló fẹ́ rí apirikó fún un jẹ ní Bantè?

Dókítà ti sọ ojú abẹ níkòó fún wa kí wọ́n tó kó ìwé yẹn lé mi lọ́wọ́. Kíndìnrín ọkọ mi méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kan wà ní ìlú òyìnbó tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má wulẹ̀ fi ọkàn sí i. Ohun tó kù tí a lè ṣe ni ká ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Nǹkan kan wà nínú oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní pọtasíọ̀mù. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá máa ń tọ̀ ọ́ dà nù ni. Kíndìnrín tó ti bàjẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan náà á máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ tó bá sì kọjá ààlà, ọkàn á kàn dúró. Iyọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, nítorí ara rẹ̀ tó ń wú. Dókítà wá kọjú sí mi, ó ní, "Màdáámù, oògùn tí mo ní kò tó nǹkan. Ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí wà."

Mo ní mo gbọ́. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni ọkọ mi nígbà náà.

Olùkọ́ ni àwa méjèèjì. Ilé ẹ̀kọ́ la ti pàdé, ní àkókò tí ìjọba ní kí gbogbo èèyàn máa pe ara wọn ní kàmàrádì. Àwa kò jẹ́ pe ara wa bẹ́ẹ̀. "Olùkọ́" ni mo ń pè é, "Olùkọ́" lòun náà ń pè mí, nínú ilé àti níta, títí ọ̀rọ̀ náà fi dùn lẹ́nu wa ju orúkọ lọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: èmi kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Inú mi máa ń tètè bàjẹ́, bí mo bá sì ti ń bínú, ohun tó bá wà lẹ́nu mi ló ń jáde. Ọkọ mi ló ní sùúrù nínú àwa méjèèjì. Nígbà tí àìsàn rẹ̀ le, mo kó ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Tchetti, kó lè rí ẹni mójú tó o. Ilé wá ku èmi, ọkọ mi, àti ìyá rẹ̀ tí ilé tiwọn kọjú sí tiwa nínú agbo ilé kan náà.

Mo ra kàyé tuntun, mo fa ìlà sí i bí a ṣe ń fa ti àkókò ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì. Ọjọ́ Ajé, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀. Mo wá rí i pé n kò ní nǹkan tí mo lè kọ sínú rẹ̀. Kí lèèyàn ń jẹ ní Bantè bí kò bá jẹ iṣu? Ẹ̀wà kò sí. Ẹ̀pà kò sí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, kajú, omi àgbọn, tòmátì, gbogbo wọn wà lápá òsì. Àkàsà àti ìrẹsì ni mo kọ́kọ́ kọ sí i, mo tún kọ àkàsà àti ìrẹsì, mo bá ti kàyé náà, mo sunkún. Ìyá kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ní Savalou, ọmọ Gouka ni wọ́n, àwọn ló wá là mí lọ́yẹ̀ nígbà tí a padà lọ. Wọ́n ní kò sí oúnjẹ tí omi kì í gba nǹkan lára rẹ̀. Kí n bẹ iṣu, kí n gé e wẹ́wẹ́ bíi ṣúgà oníhóró, kí n rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kí n da omi náà nù. Kí n sè é nínú omi mìíràn títí yóò fi hó dáadáa, kí n da ìyẹn náà nù. Kí n wá bu omi tuntun sí i, kí n sè é jinná. Ewé ọbẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, kí n bọ̀ ọ́, kí n fún un gbẹ. Ẹja díẹ̀, ẹran díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.

Bí mo ṣe di ẹni tí ń se iṣu lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Kí n tó lọ sí kíláàsì, iṣu á ti wà nínú omi. Bí a bá ti jáde lọ́sàn-án, mo ti sáré dé ìdí ààrò. Iṣu tí èèyàn ṣe bẹ́ẹ̀ fún kì í ṣeé gún. Kì í fà, á kàn fọ́ sínú odó ni. Ọkọ mi ọmọ Bantè, tó jẹ́ pé iyán ni wọ́n fi wò ó dàgbà, kò rí iyán jẹ mọ́. Ó máa ń fi ṣíbí kó iṣu aláìládùn yẹn sẹ́nu díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ń fi tipátipá fún ní oògùn.

Ìyá rẹ̀ kò fara mọ́ ọn rárá. Wọ́n mọ ọbẹ̀ sè nínú agbo ilé yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ, ohun tí mo ń ṣe nínú ìkòkò sì jọ wèrè lójú wọn. Omi iṣu gan-an ló ń bí wọn nínú jù. Ní tiwọn, inú omi yẹn ni agbára iṣu wà. Wọ́n máa ń gbé e fún aláìsàn mu ni, èmi wá ń gbé e fún ẹran. Ní ọjọ́ kan, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n wò mí bí mo ṣe ń dà á sínú agbada ewúrẹ́, wọ́n ní, "Nínú agbo ilé yìí, ewúrẹ́ ló ń jẹ iṣu, èèyàn ló ń jẹ pàǹtí rẹ̀." Mo dá wọn lóhùn pé ewúrẹ́ kò ní àìsàn kíndìnrín. Kò yẹ kí n sọ ọ́. Wọ́n ká aṣọ funfun wọn mọ́ra, ọjọ́ ìsìn ni, wọ́n bá ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ.

Ohun tí ìwé Savalou kò sọ ni pé oúnjẹ ọ̀tọ̀ á sọ èèyàn di ẹni ọ̀tọ̀. Nínú agbo ilé náà, abọ́ kan ni àwọn ọkùnrin ń jẹ lálaalẹ́. Wọ́n á jókòó yí i ká, wọ́n á máa bá ara wọn ṣàwàdà. Nígbà tí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ti abọ́ tirẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé olùkọ́ ti di òyìnbó. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè bóyá ikọ́ burúkú ni, èyí tó ń ràn. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn dín kù lẹ́nu ọ̀nà wa. Èmi náà kì í bá a jẹun. Mo máa ń ṣe ọbẹ̀ tèmi níyọ̀, mo sì máa ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn ilé ìdáná kí òórùn rẹ̀ má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo rò pé àánú ni mo ń ṣe é. Èèyàn méjì nínú ilé kan, oníkálukú ń dá jẹun. Mo ń gbọ́ ìró ṣíbí rẹ̀ láti ibi tí mo wà.

Nígbà tó tó bí oṣù mẹ́rin, ó kọ oúnjẹ. Kò jà, kò pariwo, ó kàn ń ti abọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Olùkọ́, kò wọlé ni." Eegun èjìká rẹ̀ ti yọ. Ìdààmú mi di ìbínú, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo pariwo lé e lórí pé ṣé ó mọ aago tí mo ń jí, ṣé ó mọ iye omi tí mo ń pọn, ṣé ó fẹ́ kú kí wọ́n lè sọ pé èmi ni n kò tọ́jú rẹ̀. Ó ń wò mí ṣáá. Lẹ́yìn náà ló fa abọ́ náà mọ́ra, ó jẹ ṣíbí mẹ́ta nítorí mi, ó sì bì gbogbo rẹ̀. Mo fọ ilẹ̀ náà. Mo mọ̀ pé gbogbo agbo ilé ló gbọ́ ohùn mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ mi wá sí ilé ìdáná. Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó tì mí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ka ìwé yẹn sí mi létí." N kò tíì gbọ́ irú ohùn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí. Mo mú ìwé náà jáde, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn láti òkè délẹ̀, apá òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń mi orí. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ṣé eérú wà níbẹ̀?"

Mo tún un wò. Mo ní, "Kò sí i níbẹ̀, Ìyá."

Wọ́n ní nígbà ọmọdé àwọn, ìgbà kan wà tí iyọ̀ kì í dé ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ṣé wọ́n kú? Omi eérú ni ìyá àwọn fi ń se ọbẹ̀, ọbẹ̀ náà sì ń dùn. Bí òyìnbó bá ní kí ọmọ àwọn má jẹ iyọ̀, kò burú, kò ní jẹ iyọ̀. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń wò wọ́n, ó sì yà mí lẹ́nu pé èmi tí mo ka ìwé, tí mo fa ìlà sí kàyé, n kò ronú kan ọ̀nà yìí. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, ẹ gbà mí là."

Àwa méjèèjì la jọ ṣe é. A kó pòròpórò ọkà bàbà jọ lẹ́yìn ilé, a finá sí i títí gbogbo rẹ̀ fi di eérú funfun. Wọ́n ní ìkòkò àtijọ́ kan tí ìdí rẹ̀ lu wẹ́wẹ́. A tẹ́ koríko gbígbẹ sí i nínú, a da eérú lé e, mo ń bu omi lé e lórí díẹ̀díẹ̀, ó ń kán sínú abọ́ nísàlẹ̀, ó pọ́n bí omi tíì. Wọ́n ní kí n tọ́ ọ wò. Ó ta mí lẹ́nu, ó sì tún ní adùn kan tí n kò lè fi wé nǹkan kan. A bù ú sínú ọbẹ̀ ilá. Nígbà tí mo gbé abọ́ ka iwájú ọkọ mi, ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó gbójú sókè. Ó ní, "Ìyá ló se èyí." Ó jẹ ẹ́ tán. Ó fi ọwọ́ nu abọ́.

Bí wọ́n bá ní kí n sọ ìgbà tí ara tù mí jù nínú agbo ilé náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni. Ìyá ọkọ mi á ti dé ilé ìdáná kí n tó gbé iṣu kaná. Wọ́n ń kọ́ mi ní oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ Ìṣà, èdè ilẹ̀ Bantè, tí n kò mọ̀, wọ́n á máa fi ohùn èmi ará Tchetti ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà á sì dá tiwọn padà. Nítorí pé kò sí iyọ̀ nínú ọbẹ̀ náà, tó sì dùn, a kò ṣe méjì mọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nínú abọ́ kan lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ mi padà kún. Ó padà sí kíláàsì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ fún wákàtí kan tàbí méjì lóòjọ́. Ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Nínú kàyé mi, lójoojúmọ́, mo ń kọ "ó jẹ ẹ́ tán" síwájú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, tayọ̀tayọ̀, bí ẹni ń fún ọmọ ní máàkì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sórí àga ní kíláàsì, kò sì lè dìde mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Wọ́n sáré wá pè mí ní kíláàsì tèmi. Mo gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀: ọkàn rẹ̀ ń lù, ó ń dúró, ó tún ń lù. A rí ọkọ̀ akẹ́rù bàṣé kan tó ń kó iṣu lọ sí Savalou, awakọ̀ náà ṣàánú wa, ó ní kí wọ́n sọ ìdajì ẹrù náà kalẹ̀. Mo gbé orí ọkọ mi lé ẹsẹ̀ mi láàárín àpò iṣu. Eruku pupa bò wá títí a fi dé.

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí i lára, ọwọ́ wọn kò sinmi títí di ìrọ̀lẹ́. Ó yè é. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, dókítà àti ìyá nọ́ọ̀sì ọmọ Gouka jókòó tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, wọ́n ní kí n sọ gbogbo ohun tó jẹ. Mo ṣí kàyé mi, mo ń kà á fún wọn pẹ̀lú ìgbéraga: iṣu omi méjì, ewé tí a fún gbẹ, kò sí ẹ̀wà, kò sí tòmátì. Dókítà ń mi orí, kò rí nǹkan kan. Ìyá nọ́ọ̀sì ló wo kàyé náà fínnífínní, tí wọ́n ní, "Ó jẹ ẹ́ tán, ó jẹ ẹ́ tán. Láìsí iyọ̀? Kí lẹ fi mú ọbẹ̀ náà dùn?"

Mo ní omi eérú ni.

Wọ́n pa kàyé náà dé. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún dókítà. Ó wá ṣàlàyé fún mi láìbínú, ì bá sàn kó bínú. Nǹkan tí mo ń fi omi lé jáde lára iṣu láti oṣù mélòó kan wá, pọtasíọ̀mù yẹn, iná kì í jó o. Bí a bá sun igi tàbí pòròpórò, gbogbo ìyókù á bá èéfín lọ, nǹkan yẹn nìkan ni á kù sínú eérú. Omi tí a sì fi sẹ́ eérú, òun gan-an ló kó o jọ. Mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún dà á nù fún ewúrẹ́, mo ń fi ọwọ́ òsì bù ú padà sínú ọbẹ̀ rẹ̀, èyí tí mo sì ń bù padà pọ̀ ju èyí tí mo ń dà nù lọ. Ìwé náà kò sọ ọ́, nítorí pé níbi tí wọ́n ti kọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Dókítà ní, "Ta ló ní kí ẹ fi sí i?" Mo ní, "Èmi ni."

Wọ́n bá tiwọn lọ. Mo rò pé ọkọ mi ń sùn, àṣé ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fà mí lọ́wọ́. Ó ní, "Olùkọ́, má sọ fún Ìyá."

Mo mọ ìdí rẹ̀, gbogbo agbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ ti sin ṣáájú, òun nìkan ló kù. Nígbà tí ìkẹta kú, àwọn kan nínú ẹbí sọ ọ́ lẹ́yìn wọn pé Ìyá fúnra wọn ló ń jẹ ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, tí wọ́n fi ń tan àbẹ́là lójoojúmọ́. Ọkọ mi ní, "Bí wọ́n bá gbọ́ pé ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sè ló gbé mi dé ibí, wọn ò ní í là á já. Bí ẹbí bá sì gbọ́, o mọ ohun tí wọ́n máa pè wọ́n."

Mo ní, "Kí ni kí n wá sọ fún wọn? Wọ́n á fẹ́ bù ú sí i padà."

Ó ní, "Sọ pé ìwọ ni o kò fẹ́." Ó wò mí, ó sì mọ ohun tó ń bẹ̀ mí. Ó ní, "Ìwọ lè gbé e. Wọn ò lè gbé e."

Mo gbà fún un. Nígbà tí a padà délé, ìkòkò ìdí lílu náà ti ń kán dè wá. Mo gbé e, mo da omi rẹ̀ àti eérú inú rẹ̀ sẹ́yìn ọgbà. Ìyá ọkọ mi ń wò mí. Wọ́n ní, "Kí ló dé?" Mo ní, "Mi ò fẹ́ ẹ mọ́ ni." Wọ́n ní, "Ṣé dókítà ló ní kí o dà á nù?" Mo ní, "Rárá. Èmi ni." Wọ́n lọ bá ọmọ wọn, ó ní òun náà kò fẹ́ ẹ mọ́. Wọ́n jáde, wọ́n ní mo ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọmọ àwọn lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, wọn kò wọ ilé ìdáná mi mọ́. Wọn kò tún bá mi jẹun.

Ó lo oṣù méje sí i. Mo se iṣu lẹ́ẹ̀mejì lójoojúmọ́, láìsí adùn, láìsí ẹnikẹ́ni lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣùgbọ́n n kò lọ jẹun lẹ́yìn ilé ìdáná mọ́. Mo ń jẹ nínú abọ́ rẹ̀, èyí tí kò dùn yẹn, èmi àti òun. Nígbà mìíràn a máa ń fi oúnjẹ náà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń ṣe oríkunkun, oúnjẹ yìí ló yẹ kí a fi máa jẹ wọ́n níyà. Àrùn ló ṣeé wò, a kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe. Ó kú ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ lára ògiri. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé oṣù méje yẹn, ẹ̀bùn ni. Òun nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀.

Lójú gbogbo ẹni tó wá sìnkú, ìyá ọkọ mi tọ́ka sí mi. Wọ́n ní, "Ọbẹ̀ tí kò dùn ló pa ọmọ mi. Nígbà tí mo ń bu omi eérú sí i, ṣebí gbogbo yín rí i? Ó ń jẹun. Ó ń lọ sí kíláàsì. Obìnrin yìí ló dà á nù, mo sì bi í, ó ní òun ni." Gbogbo wọn ló rí i lóòótọ́. Wọ́n rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún, wọ́n rí ìkòkò tí mo dà nù. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí wọ́n sọ. Èmi tí ẹnu mi kì í gbófo, ọjọ́ yẹn ni mo mọ bí ẹnu ṣe ń wúwo.

Àwọn obìnrin tí a jọ ń pọn omi kò kí mi mọ́. Mo kọ̀wé pé kí wọ́n gbé mi kúrò ní Bantè, wọ́n sì gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Savalou. Mo gba yàrá kan. Àwọn ará ibẹ̀ ń sọ èdè Mahi, n kò gbọ́ ọ dáadáa, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọbìnrin mi ti mọ́ ìyá mi lára ní Tchetti, ó sì kọ̀ láti wá bá mi gbé. Nígbà ìsinmi tó bá wá, ó máa ń wò mí bí ẹni fẹ́ béèrè nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí rẹ̀. N kò sọ fún òun náà. Ọ̀rọ̀ tí ọmọdé bá gbọ́, á dé Bantè. Mo dá nìkan gbé fún ọdún márùn-ún, mo ń se ọbẹ̀ tó níyọ̀, mo ń jẹ ẹ́ tán, kò dùn mọ́ mi.

Ní ọdún 1990, ẹnìkan gun mọ́bílẹ́ẹ̀tì wá láti Bantè, ó ní ìyá ọkọ mi ń pè mí. Mo lọ. Wọ́n ti rù kọjá mímọ̀. Wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ẹní nínú yàrá wọn, wọ́n ní kí àwọn tó wà níbẹ̀ jáde, kó ku èmi nìkan. Wọ́n ní, "Ìyàwó, mo ń lọ. Mo fẹ́ kí o sọ òtítọ́ fún mi. Kí ni omi eérú mi ṣe ọ́ tí o fi dà á nù?"

Mo jókòó síbẹ̀, òtítọ́ náà sì wà ní orí ahọ́n mi. Ẹni tó dè mí lẹ́nu ti wà nínú ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ wa. Ẹ má purọ́ fún ara yín pé èèyàn rere ni mí. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹnìkan ṣoṣo ní Bantè mọ̀ pé mo tọ́jú ọkọ mi. Ojú wọn kò kúrò lára mi, ó sì hàn nínú rẹ̀ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ó wá yé mi pé wọ́n ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè mìíràn fún ọjọ́ pípẹ́, èyí tí wọn kò lè fẹnu sọ.

Mo ní, "Owú ni, Ìyá. Ó ń jẹ tiyín, kì í jẹ tèmi. Ó ń dùn mí."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Gbogbo ara wọn ló rọ̀. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ tipẹ́." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá ọwọ́ mi rí. Wọ́n ní, "Ọmọdé ń ṣe ọ́ nígbà yẹn. Mo ti dárí jì ọ́."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní náà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.